Ṣokoléètì àti Èdè Ilé: Ọ̀rọ̀ Alága fún Àwọn Òbí Ọmọ Wẹ́wẹ́



Ilẹ̀ kòkó ni a wà ní Kumasi yìí. Láti ọdún 1879 tí Tetteh Quarshie ti mú kòkó ti Fernando Po bọ̀ wá sí Mampong-Akuapem, kòkó ti di ọrọ̀ ilẹ̀ Ghana. Ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdọọdún, wọ́n ń ṣe Ọjọ́ Ṣokoléètì, àwọn ọmọ wa sì ń bá wọn jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́ta tó gbọ́ Twi yékéyéké kò lè kí ìyá àgbà rẹ̀ lórí fóònù. Ojú ń tì wá.

Ẹ jọ̀wọ́, lọ́jọ́ Àìkú tí a kì í lọ sọ́jà, ẹ jókòó ti ọmọ. Kí àgbà gbé abọ́ ṣokoléètì lé orí omi gbígbóná kí ó yọ́. Bó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ọmọ máa ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ bọ̀ ọ́: "Ení, èjì, ẹ̀ta." Ẹ po ìyẹ̀fun kòkó mọ́ omi díẹ̀, kí ó fi ìka ya àwòrán sórí bébà, ẹ bi í pé, "Kí lo yà?" Ẹ má fi odidi ẹ̀pà sí i, ó lè há ọmọ lọ́fun. Kí ó mọ níwọ̀n, kí ẹ sì fọ eyín rẹ̀.

Ní 1969 tí ìjọba fún àwọn àlejò tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì láti kó lọ, ẹrù pọ̀ tí àwọn òbí wa fi sílẹ̀. Èdè ni wọ́n gbé délé.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.