Kí Ìfẹ́ Tó Wọ Ara

Àwọn orúkọ kan wà tí òbí Yorùbá kì í fi ẹ̀rín sọ ọmọ. Málọmọ́, Dúrójayé, Kòsọ́kọ́: ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n. Ẹni tí ó ti sin ọmọ méjì tàbí mẹ́ta ni í sọ ẹ̀kẹrin bẹ́ẹ̀. Ọmọ a dé, a sanra, a máa rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó bá tó nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ojú rẹ̀ a pọ́n bí ojú ẹni tí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ mú, kò sì ní pẹ́ kí ó tó padà sí ibi tí ó ti wá. Òmíràn a tún dé, a sì tún gba ọ̀nà kan náà lọ. Àbíkú ni àwọn àgbà pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ òde òní fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n sọ. Lóòótọ́, àìsàn kan ṣoṣo kọ́ ni ó pa gbogbo àbíkú. Ibà, ìgbẹ́ gbuuru àti èéyi kó púpọ̀ nínú wọn lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn wú ní oṣù kẹfà yẹn, àrùn ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde ni ó bá ọ̀pọ̀ nínú wọn jà. Ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ fi gbé inú ìyá rẹ̀ ni ó ń dáàbò bò ó ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ yẹn bá ti ń dín kù ni àrùn náà ń yọjú.

Ní ọdún 1910, dókítà kan ní Chicago, James Herrick, kọ̀wé nípa ẹ̀jẹ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Walter Clement Noel, ọmọ ilẹ̀ Grenada, tí ó wá kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú eyín ní ìlú náà. Dípò kí àwọn hóró pupa inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rí roboto, wọ́n gùn, wọ́n sì tẹ̀ bí dòjé. Noel parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó sì padà sí ilẹ̀ rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́. Ó dára kí a rántí èyí, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé ẹni tí ó ní àrùn yìí kò lè kàwé dé ibi kankan.

Hóró ẹ̀jẹ̀ tí ó dára a máa rọ̀, a sì máa yọ́ kọjá nínú iṣan tí ó tín-ín-rín jù lọ. Èyí tí ó tẹ̀ a le, a há. Ìrora tí í wọ egungun a sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Hóró tí ó dára a máa lo nǹkan bí 120 ọjọ́ nínú ara. Èyí tí ó tẹ̀ kì í sábà kọjá 20. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà kì í fi í tó, tí ojú rẹ̀ sì fi í pọ́n.

Lẹ́tà méjì ni ọmọ kọ̀ọ̀kan ń gbé wá sí ayé, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ baba, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. AA kò ní àrùn. AS kò ní àrùn, ṣùgbọ́n ó gbé e pamọ́. SS ni àrùn náà gan-an. Lẹ́tà C náà wà ní ilẹ̀ Yorùbá, SC sì jẹ́ àrùn, bí ó tilẹ̀ ń rọra wọlé. Ó lè ba ojú àti egungun ìbàdí jẹ́ nígbà tí ènìyàn bá ti dàgbà.

Àṣìṣe kan wọ́pọ̀ níhìn-ín. Wọ́n á ní bí AS bá fẹ́ AS, ọ̀kan nínú ọmọ mẹ́rin ni yóò jẹ́ SS. Tọkọtaya tí àkọ́bí wọn jẹ́ SS a wá máa rò pé àwọn ti san gbèsè náà tán, pé àwọn mẹ́ta tí ó kù ti bọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ mú owó ẹyọ méjì, kí ẹ dà wọ́n sílẹ̀: bí méjèèjì bá dojú dé, SS ni. Ẹ kó wọn, kí ẹ tún dà wọ́n: owó ẹyọ kì í rántí bí ó ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan. Bí oyún kọ̀ọ̀kan ti rí nìyẹn. Ìdílé wà tí kò bí SS kankan rí, ìdílé sì wà tí mẹ́ta nínú ọmọ mẹ́rin jẹ́ SS.

A. C. Allison fi hàn ní ọdún 1954 pé ibà kì í lè jà tagbára-tagbára lára ọmọ tí ó jẹ́ AS. Bí S ṣe dúró pẹ́ ní ilẹ̀ ẹ̀fọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ SS kò rí ààbò yẹn gbà. Ibà léwu fún un púpọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ ní ọdún 2006 pé nǹkan bí 24 nínú 100 ọmọ Nàìjíríà ni ó gbé àrùn náà pamọ́, àti pé nǹkan bí 150,000 ọmọ ni à ń bí pẹ̀lú rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí lọ́dọọdún.

Ẹ wá mú ìṣirò yìí wọ Àgùdà, ní Sùúrùlérè. Nínú kíláàsì tí ó ní ogójì ọmọ, ó lè tó mẹ́wàá tí ó jẹ́ AS, kò sì sí àmì kankan lójú wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní mọ̀ títí di ọjọ́ tí àlùfáà bá béèrè ìwé àyẹ̀wò, nígbà tí a ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, tí a ti ra aṣọ ẹbí, tí a ti san owó gbọ̀ngàn. Ta ni ó fẹ́ gbọ́ òótọ́ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀? Ìyá ọkọ a ní Ọlọ́run kò ní gbà bẹ́ẹ̀. Ìyá ìyàwó a máa sunkún. Ẹlòmíràn a wá ilé àyẹ̀wò tí yóò kọ ohun tí ó fẹ́ kà sí ìwé fún un. A kò gbọdọ̀ yára dá wọn lẹ́bi. Àkókò ni ó ti kọjá lọ. Iṣẹ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ ì bá ti ṣe ni a gbé lé àlùfáà lọ́wọ́. Ọmọ tí ó ti dé kíláàsì kẹta ní ilé-ẹ̀kọ́ girama yẹ kí ó mọ lẹ́tà rẹ̀ bí ó ti mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀.

Kí àyẹ̀wò náà sì jẹ́ èyí tí ó péye. Àyẹ̀wò kan wà tí ó kàn ń wò bóyá hóró ẹ̀jẹ̀ tẹ̀. Kò lè ya AS sọ́tọ̀ kúrò lára SS, kò sì lè rí C rárá. Èyí tí a fi iná mànàmáná pín èròjà ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀ ni kí a béèrè fún, kí a sì ṣe é ní ibi méjì, nítorí àṣìṣe a máa wáyé. Àgùdà kò jìnnà sí Ìdí-Àràbà, níbi tí ibùdó Sickle Cell Foundation Nigeria wà, ní òdìkejì LUTH. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olú Akínyanjú, onímọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀, ni ó dá àjọ náà sílẹ̀ ní ọdún 1994.

AS méjì tí wọ́n ti mọ ara wọn kò di ọ̀tá. Wọ́n lè pínyà nígbà tí kò ì tíì dùn wọ́n jù. Wọ́n sì lè fẹ́ra, kí wọ́n lọ gba ìmọ̀ràn nípa àyẹ̀wò oyún. Ọwọ́ àwọn méjèèjì ni ìpinnu náà wà.

Ó wá ku ọmọ tí a ti bí. Folic acid wà fún un, proguanil wà tí yóò máa lò lójoojúmọ́ kí ibà má baà mú un, penicillin wà fún èyí tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, hydroxyurea sì wà, tí ó ń dín ìrora kù lábẹ́ ìtọ́jú dókítà. Ọjọ́ tí ara rẹ̀ bá gbóná ni kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí a má ṣe dúró di ọ̀la. Mùdùnmúdùn egungun láti ara ọmọ ìyá tí ẹ̀jẹ̀ wọn bá mu lè mú àrùn náà kúrò pátápátá. Ní ọdún 2023, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú tí a fi ń tún àbùdá ẹ̀jẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n owó irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ju agbára ọ̀pọ̀ ìdílé lọ.

Ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ olùkọ́ kò náwó púpọ̀. Kíndìnrín ọmọ SS kì í lè dá omi padà sí ara bí ó ti yẹ. Nítorí náà òùngbẹ a máa gbẹ ẹ́, a sì máa tọ̀ lemọ́lemọ́. Olùkọ́ tí kò mọ èyí a ní alárìnká ni, a sì nà án. Òmíràn a lé e sínú òjò pé kí ó lọ gé koríko pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òtútù, òùngbẹ àti àárẹ̀ ni ó máa ń tètè fa ìrora náà. Ìgò omi lórí tábìlì rẹ̀, súwẹ́tà ní oṣù keje nígbà tí òjò bá ń mú òtútù wá, ìjókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn kí ó lè jáde láìbẹ̀bẹ̀, àti olùkọ́ tí yóò tọ́jú iṣẹ́ gbogbo ọjọ́ tí ó lò ní ilé ìwòsàn dè é: ohun tí ó ń fẹ́ nìyẹn kí ó tó lè jókòó ṣe ìdánwò pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀.