Ọ̀rọ̀ Ìlera Alẹ́ Ọjọ́ Àìkú: Ọwọ́ Tó Ń Gbọ̀n Kì í Ṣe Àsàsí

A kọ ọ́ sílẹ̀ láti inú ohùn mẹ́fà tí a fi ránṣẹ́ sórí gúrúùpù, nítorí àwọn tí dátà ò tó àti àwọn tí kò lè gbọ́ ohùn nínú ariwo ọjà.

OHÙN KÌÍNÍ

  

Ìbéèrè tí ìyá kan bi wá lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo fẹ́ dáhùn. Wọ́n ní ọwọ́ ọ̀tún ọkọ àwọn máa ń gbọ̀n tí wọ́n bá gbé e lé itan. Wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Tí wọ́n bá ń ka owó, ó ń pẹ́ wọn. Àwọn kan ti wá ń sọ pé ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ wọn ló fi nǹkan ṣe wọ́n, kí wọ́n ta ọjà tó kù kí wọ́n gbé bàbá lọ sílé. Ìyá ní, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Èmi ò lè ti orí fóònù sọ ohun tó ń ṣe bàbá. Dókítà tó bá fojú rí wọn ló lè sọ. Àmọ́ àwọn àmì yẹn jọ ti àrùn kan tí wọ́n ń pè ní Parkinson. Dókítà kan tó ń jẹ́ James Parkinson ló kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1817. Àwọn tó kọ nípa wọn, ìgboro Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n wà. Kò sẹ́ni tó bá wọn du ṣọ́ọ̀bù ní Sábóngàrí, ọwọ́ wọn sì ń gbọ̀n. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn ná.

OHÙN KEJÌ

Ọpọlọ wa ò ju bí ìdá 2 nínú 100 ìwúwo ara lọ, àmọ́ bí ìdá 20 nínú 100 agbára tí ara ń lò, òun nìkan ló ń jẹ ẹ́. Ó dà bíi ṣọ́ọ̀bù kékeré tó to fírísà mẹ́ta sínú. Níbo ni iná rẹ̀ ti ń wá?

Inú sẹ́ẹ̀lì wa ni àwọn nǹkan kéékèèké kan wà tí wọ́n ń pè ní maitokọ́ńdíríà. Ẹ pè é ní jẹnẹrétọ̀ sẹ́ẹ̀lì. Oúnjẹ tí a jẹ ni epo rẹ̀, atẹ́gùn tí a mí sínú ló fi ń jó o. Ẹ sì mọ jẹnẹrétọ̀: kò sí èyí tí kì í rú èéfín. Èyí tó bá ti gbó, èéfín rẹ̀ á máa ju iná rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti inú ara rí.

Apá kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ tó dúdú díẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ló ń ṣe dopamine, èròjà tó ń jẹ́ kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tètè gbọ́ ohun tí a bá ní kí wọ́n ṣe. Ẹ̀ka àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí pọ̀ gan-an, jẹnẹrétọ̀ wọn kì í sinmi. Ọ̀kan nìyẹn lára ohun tí wọ́n rò pé ó ń jẹ́ kí wọ́n tètè kú. Kí ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, púpọ̀ nínú wọn á ti lọ.

OHÙN KẸTA

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ ni? Ẹ gbọ́ ìtàn kan. Ní 1982, ní California ní Amẹ́ríkà, àwọn kan tó ń gún oògùn olóró sára ra ayédèrú. Ẹni tó ṣe é ṣe é bà jẹ́, èròjà kan tó ń jẹ́ MPTP wọ inú rẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ wọ́n gan bí igi. Wọn ò lè rìn, agbára káká ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Dókítà William Langston wò wọ́n, ó ní èyí jọ Parkinson, bẹ́ẹ̀ ọmọdé ni wọ́n! Wọ́n fún wọn ní oògùn Parkinson, ara wọn rọ̀.

Nígbà tí wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n rí i pé tí MPTP bá dé ọpọlọ, ó ń yí padà di májèlé mìíràn. Májèlé yẹn ló ń wọ inú àwọn sẹ́ẹ̀lì dopamine, tó ń dí jẹnẹrétọ̀ wọn pa. Ní 1989, Anthony Schapira àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù wá yẹ ọpọlọ àwọn tí Parkinson ṣe kí wọ́n tó kú wò, àwọn tí kò fojú kan oògùn olóró rí. Ibi kan náà tí májèlé yẹn máa ń dí lára jẹnẹrétọ̀, ibẹ̀ gan-an ló rẹ̀ lára tiwọn.

OHÙN KẸRIN

Apá kejì rèé. Ọpọlọ ní ọlọ́dẹ tirẹ̀. Microglia ni wọ́n ń pè wọ́n. Tí kòkòrò bá wọlé, àwọn ló ń gbá a mú, àwọn ló ń kó ìdọ̀tí kúrò. Ṣé ẹ mọ bí ojú egbò ṣe máa ń gbóná tó máa ń wú? Irú ìjà yẹn ni wọ́n ń jà nínú ọpọlọ, àmọ́ a ò lè fojú rí i.

Ní 1999, Langston àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa ọpọlọ mẹ́ta, ti àwọn tí MPTP bà jẹ́ tí wọ́n sì ti wá kú. Wọ́n ti lo ọdún 3 sí 16 láyé lẹ́yìn tí àìsàn náà ti mú wọn. Májèlé ti kúrò lára wọn tipẹ́. Àmọ́ àwọn ọlọ́dẹ ṣì wà lójú ìjà níbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì ṣì ń kú. Olè ti lọ, ọlọ́dẹ ṣì ń yìnbọn nínú ọjà.

OHÙN KARÙN-ÚN

Kí ló dé tí wọn ò dáwọ́ dúró? Àwọn onímọ̀ gbà pé ní ìgbà ìwáṣẹ̀, bakitéríà ni maitokọ́ńdíríà. Ó wá wọ inú sẹ́ẹ̀lì, ó ń gbé ibẹ̀, ó di ará ilé. Títí dòní ó ní DNA tirẹ̀, ọ̀dọ̀ ìyá la sì ti ń jogún rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ìlú onílùú fún ogójì ọdún á yé yín. Ọjọ́ tí ara bá balẹ̀, ọmọ ìlú ni yín. Ọjọ́ tí wàhálà bá dé, wọ́n á ní níbo lẹ ti wá? Tí maitokọ́ńdíríà bá ya, tí DNA rẹ̀ dà síta, àmì bakitéríà àtijọ́ ni ara ń rí. Wọ́n á ní àlejò ti wọlé o, ni wọ́n á bá fẹ fèrè.

Richard Youle, onímọ̀ kan ní iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà ní Bethesda, ṣiṣẹ́ lórí èyí pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Jíìnì kan wà tó ń jẹ́ Parkin, tí àwọn ará Japan rí ní 1998 nínú ẹbí tí àrùn yìí ti ń mú ọ̀dọ́. Iṣẹ́ kí ló ń ṣe? Ní 2008, wọ́n fi hàn pé ara jẹnẹrétọ̀ tó ti bà jẹ́ ni Parkin máa ń lọ lẹ̀ mọ́, kí wọ́n lè gbé e dànù. Èkejì rẹ̀, PINK1, ló ń pè é wá. Ní 2018, wọ́n lo eku tí kò ní Parkin tàbí PINK1. Tí wọ́n bá mú eku yẹn sáré títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ìjà ọlọ́dẹ á gba ara rẹ̀ kan. Nígbà tí wọ́n yọ fèrè ìdágìrì kan tó ń jẹ́ STING kúrò lára rẹ̀, ìjà rọlẹ̀. Lára eku mìíràn tí DNA maitokọ́ńdíríà rẹ̀ ti bà jẹ́, yíyọ fèrè yẹn dá ẹ̀mí sẹ́ẹ̀lì dopamine sí. Eku ni o, kò tíì dé ọ̀dọ̀ ènìyàn. Àmọ́ ó jẹ́ ká rí i pé àìkó èyí tó bàjẹ́ kúrò ló ń dá ìjà sílẹ̀.

Ó kan àwa náà. Ní 2023, ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Njideka Okubadejo ti Yunifásítì Èkó wà lára àwọn tó ṣe é rí àyípadà kan nínú jíìnì GBA1, tó wọ́pọ̀ lára àwa tí ìran wa jẹ́ ti Áfíríkà, tí kò sì wọ́pọ̀ lára òyìnbó. Ààtàn sẹ́ẹ̀lì, níbi tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí lọ, ni jíìnì yẹn ti ń ṣiṣẹ́.

OHÙN KẸFÀ

Ó ku ohun tí a ó ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta oògùn tí wọ́n fi ń pa koríko, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà ní 2011 rí i pé láàárín àwọn tó ń fi oògùn oko ṣiṣẹ́, àwọn tó ti lo paraquat tàbí rotenone ní Parkinson tó ìlọ́po méjì àbọ̀ àwọn tí kò lò ó. Kì í ṣe pé gbogbo ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ló máa ní in. Àmọ́ NAFDAC ti fòfin de paraquat láti oṣù kìíní 2024. Ẹ má fi ọwọ́ lásán dà á sínú ìgò kékeré, ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ gàrí, ẹ má sùn sínú ṣọ́ọ̀bù tí ó wà. Ẹni tó ṣì ní i nílẹ̀, èrè rẹ̀ ò tó ìyà rẹ̀.

Ẹ̀yin tí wọ́n ń ta oògùn amúágbáradé fún, pé ó ń tún jẹnẹrétọ̀ sẹ́ẹ̀lì ṣe: wọ́n ti dán coenzyme Q10 wò lára 600 ènìyàn tó ní Parkinson. Èsì jáde ní 2014: kò ṣe wọ́n ní àǹfààní kankan. Ẹ fi owó yẹn ra oògùn gidi.

Oògùn gidi wà. Levodopa ni. Kì í wo àrùn náà sàn pátápátá, àmọ́ ó ń jẹ́ kí ènìyàn rìn, kó sọ̀rọ̀, kó ka owó rẹ̀. Ẹ ti mọ wèrèpè, àbí? Levodopa wà nínú kóró rẹ̀. Ẹ má torí ìyẹn lọ máa lọ̀ ọ́ mu o, torí ẹ ò lè mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ẹni tó bá sì ti ń lo oògùn, kó má ṣe dá a dúró lójijì, kódà tí ara bá rọ̀. Kí ó máa rìn, kí ó máa na ara. Ó ń ṣèrànwọ́ gidi.

Kì í ṣe gbogbo ọwọ́ tó ń gbọ̀n ni Parkinson. Oògùn èébì bíi metoclopramide lè fà á, àìsàn tairọ́ìdì lè fà á. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì, ní Kánò, ní Jọ́ọ̀sì, ní Záríà, ẹ béèrè dókítà ọpọlọ. Ẹ kó gbogbo oògùn tí bàbá ń lò dání.

Ìyá wa tó béèrè, ẹ má ta ọjà yín. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ kí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ yín láàárọ̀ ọ̀la. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun náà ni yóò bá yín gbé bàbá dé ilé ìwòsàn. Nílùú tí kì í ṣe tiwa, ẹnìkejì ẹni ni ẹbí ẹni.

Ọlọ́run á fún bàbá ní àlàáfíà. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó fi ohùn ránṣẹ́. Ẹ bá wa fi í dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà ní ọjà kejì. Ó dàárọ̀ o.