Ẹ̀yìn Tírélà Tí Ó Tẹ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹrù, Irin àti Iná ní Ọ̀tà

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé ẹ̀yìn tírélà ni a fi ṣe kókó àsọyé ní ilé ìmọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá ti kọjá ní oríta Ṣàngó-Ọ̀tà, níbi tí ọ̀nà Ìdírókò ti yà kúrò lára ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ni.

Ìlú àwọn Àwórì ni Ọ̀tà láti ìgbà pípẹ́. Lónìí, àwọn ilé iṣẹ́ tí ń yọ́ àlòkù irin, àwọn tí ń ṣe páànù àti àwọn tí ń ṣe oúnjẹ wà káàkiri àyíká rẹ̀. Símẹ́ńtì sì ń ti Ewékorò gba Ṣàngó lọ sí Èkó. Tírélà tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tí kò ní ògiri tí kò sì ní òrùlé, ni ó ń kó púpọ̀ nínú ẹrù wọ̀nyí. Bí ẹ̀yìn náà bá tẹ̀, ìbéèrè méjì ni ó yẹ kí a bèèrè: kí ni ó tẹ̀ ẹ́, báwo ni a sì ṣe lè tún un ṣe tí kò fi ní í pa ènìyàn?

1. Ohun tí ó ń tẹ irin

Irin gígùn méjì ni ó ń gbé ẹrù lábẹ́ tírélà. Àwọn irin kéékèèké dábùú wọn, lẹ́yìn náà ni a to pákó tàbí irin pẹlẹbẹ lé wọn lórí. Iwájú rẹ̀ jókòó lé ọkọ̀ tí ń fà á, ẹ̀yìn rẹ̀ jókòó lé táyà. Àárín ni kò ní òpó. Irin dà bí ọrun ọdẹ: bí a bá fà á níwọ̀n, yóò padà sí ipò rẹ̀, bí a bá fà á kọjá agbára rẹ̀, kò ní í padà mọ́. Nítorí èyí ni púpọ̀ nínú àwọn tí ń ṣe tírélà fi ń jẹ́ kí àárín rẹ̀ yọ sókè díẹ̀, kí ó lè tẹ́ nígbà tí ẹrù bá dé orí rẹ̀. Bí irú tírélà bẹ́ẹ̀ bá tẹ́ pẹrẹsẹ láìsí ẹrù, ó ti ń sọ fún wa pé ó ti rẹ òun.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìwúwo ẹrù nìkan ni ó ń tẹ irin. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú ẹrù 20 tọ́ọ̀nù, kí àlàfo láti ibi tí iwájú jókòó sí dé ibi tí táyà wà jẹ́ mítà 8. Bí a bá tò ó dọ́gba jákèjádò àlàfo náà, agbára tí ń tẹ irin ní àárín jẹ́ 20 tọ́ọ̀nù-mítà. Bí ó bá jẹ́ ìká páànù kan ṣoṣo ni a gbé ka àárín gangan, agbára náà di 40. Ìwọ̀n ẹrù kò yí padà, ṣùgbọ́n ìnira irin ti di ìlọ́po méjì. Àwọn ìyá wa ti mọ èyí kí yunifásítì tó dé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo òṣùká. Òṣùká kì í dín ìwúwo ẹrù kù; ó ń pín in ká orí ni. Igi gígùn tí a bá tẹ́ sábẹ́ ìká páànù ni òṣùká tírélà, nítorí yóò pín ìwúwo náà fún irin dábùú púpọ̀.

2. Àtúnṣe

Ohun tí a sábà máa ń rí ni pé kí wọ́n fi jáàkì ti àárín sókè, kí wọ́n sì jó irin mìíràn mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ewu wà níbẹ̀. Etí ìsàlẹ̀ ni ó ń nà jù lọ nígbàkúùgbà tí ẹrù bá wà lórí, ojú ibi tí a sì jó dábùú rẹ̀ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ sán.

Iná fúnra rẹ̀ lè tọ́ irin bí a bá mọ̀ ọ́n lò. A ó fi iná ya onígun mẹ́ta sára irin, kí ìdí rẹ̀ tí ó fẹ̀ wà ní etí ìsàlẹ̀ tí ó ti nà, kí ṣóńṣó rẹ̀ kọjú sókè. Irin gbígbóná fẹ́ gùn, ṣùgbọ́n irin tútù tí ó yí i ká kò gbà fún un. Yóò ki dípò kí ó gùn. Bí ó bá ń tutù, yóò sún kì, yóò sì fa àárín sókè. Fún irin lásán, kò yẹ kí ooru náà kọjá nǹkan bí 650 ní ìwọ̀n Celsius, nígbà tí irin bá pọ́n díẹ̀ ní ibòòji. A kò gbọdọ̀ da omi sí i. A ó dúró kí ó tutù, a ó na okùn láti iwájú dé ẹ̀yìn láti wọ̀n ọ́n, kí a tó dáná mìíràn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n irin kan wà tí wọ́n ti fi iná àti omi mú le ní ilé iṣẹ́. Alágbẹ̀dẹ mọ̀ pé àdá tí a bá tún kì bọ iná láìnídìí kò ní í mú mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni irin yìí: ó lè tọ́ lójú, kí agbára rẹ̀ sì ti lọ. Púpọ̀ nínú tírélà wa ni tòkunbọ̀, tí ìwé irin wọn kò bá wọn dé. Bí a kò bá mọ irú irin tí ó jẹ́, tàbí tí ó bá ti sán, tàbí tí ó bá ti lọ́, iṣẹ́ rẹ̀ ti kọjá ti ẹ̀bá ọ̀nà.

3. Ọwọ́ ta ni ó wà?

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, kọ̀ǹténà já láti orí afárá Ojúẹlẹ́gbà ní Èkó, ó sì pa ènìyàn 3. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2023, òmíràn já lu bọ́ọ̀sì ní Ojúẹlẹ́gbà kan náà, ènìyàn 9 sì kú. N kò sọ pé ẹ̀yìn tírélà tí ó tẹ̀ ni ó fà á. Ohun tí mo ń sọ ni pé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ̀ǹténà ni ó yẹ kí ó wọ inú ìdè rẹ̀. Ẹ̀yìn tí ó ti lọ́ kì í jẹ́ kí gbogbo wọn wọ̀ dáadáa.

Òfin ECOWAS ti ọdún 2012 fi òpin sí ìwúwo tí táyà ń gbé lé ọ̀nà. Òfin náà dára fún ọ̀dà, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n ẹ̀bá ọ̀nà kò lè rí ibi tí ẹrù jókòó sí. Tírélà lè yege lórí òṣùwọ̀n kí àárín rẹ̀ sì máa tẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó ń to ẹrù ní ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ kàn, ṣáájú awakọ̀ àti ajórin. Àwọn tí ń ṣe tírélà máa ń sọ iye ẹrù tí a lè kó jọ sórí ẹsẹ̀ bàtà 4 tàbí 10 ní àárín. Ẹ jẹ́ kí a kọ iye náà ní èdè Yorùbá gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ tírélà kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tí ń to ẹrù lè kà á kí ó tó gbé ìká páànù sókè. Bí a bá tọ́ irin lónìí, tí a sì to ẹrù bí ti àná, a kàn ń dáná lásán ni.