Ọba Ayé, Ọba Ọ̀run: Ta Ni Yóò Dá Ẹjọ́ Wa?

Ọ̀rọ̀ tí tísà kan sọ níbi ọdún ìbílẹ̀ wa ní Okpara

  Tísà ni mí. Iṣẹ́ tísà ni kí ó máa béèrè ìbéèrè. Bí ti òní bá le díẹ̀, kí ẹ má ṣe bínú sí mi.

Ìbéèrè náà nìyí: ṣé nítorí ìdájọ́ Ọlọ́run àti ti òrìṣà ni ènìyàn fi ń hùwà rere? Bí a bá mú ìbẹ̀rù yẹn kúrò, ṣé òfin ṣì lè dúró?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ti ní ìdáhùn lẹ́nu. Àwọn baba wa ní: “Amòòkùn-ṣìkà, bí ọba ayé kò rí ọ, ọba ọ̀run ń wò ọ́.” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tún òwe náà gbọ́. Ọba méjì ló wà nínú rẹ̀. Ọba ọ̀run ń wo ohun tó pamọ́, ohun tí kò sí ẹlẹ́rìí fún. Ọba ayé ló ni ohun tó hàn sí gbangba. Òwe náà kò sọ pé kí ọba ayé lọ sùn nítorí pé ọba ọ̀run kì í sùn.

Àwa tí a ti dàgbà díẹ̀ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí ní 1996. Òfin Ìpilẹ̀ wa, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990, kọ ọ̀rọ̀ tí ààrẹ gbọ́dọ̀ fi búra. Yóò búra níwájú Ọlọ́run, níwájú ẹ̀mí àwọn baba ńlá, níwájú orílẹ̀-èdè, àti níwájú àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ tí àṣẹ wà lọ́wọ́ wọn. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 1996, Mathieu Kérékou búra, ṣùgbọ́n ó fo ẹ̀mí àwọn baba ńlá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìgbàgbọ́ Kristẹni rẹ̀ ló fà á. Ilé ẹjọ́ tí à ń pè ní Cour Constitutionnelle ní ìbúra náà kò bófin mu. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan, ààrẹ tún un bú, ó sì pe àwọn baba ńlá.

Àwọn kan yọ̀ nígbà náà pé àwọn baba ńlá ti borí. Èmi rí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Òfin kan náà tó dárúkọ Ọlọ́run àti baba ńlá ló sọ pé orílẹ̀-èdè wa kò fi ẹ̀sìn kan ṣe ti ìjọba. Ta ló sì mú ààrẹ tún ìbúra rẹ̀ bú? Àrá kò sán, egúngún kò jáde. Àwọn adájọ́ tí wọ́n jẹ́ ènìyàn bíi tèmi tìrẹ ni, tí wọ́n ṣí ìwé òfin tí àwọn ará ìlú dìbò fún, tí wọ́n kà á. Bí ààrẹ bá sì dalẹ̀ orílẹ̀-èdè, Haute Cour de Justice ni òfin ní kó dá a lẹ́jọ́. Òfin kò ní ká jókòó máa dúró de àwọn baba ńlá. Ẹlẹ́rìí la pe Ọlọ́run àti baba ńlá sí. Ìdájọ́, ọwọ́ wa ló wà.

Bí a bá wá gbé iṣẹ́ ọba ayé fún ọba ọ̀run ńkọ́? Àwọn àgbà tó mọ ìhà ààlà mọ ìtàn Atínga. Láti Gold Coast, tó di Ghana lónìí, ló ti wá. Ó gba ilẹ̀ Dahomey kọjá, ó sì wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbádò ní Nàìjíríà ní nǹkan bí 1950 sí 1951. Àwọn tó gbé e wá ní àwọn mọ àjẹ́ lójú. Àwọn obìnrin, pàápàá àwọn ìyá àgbà, ni wọ́n ń nàka sí. Ẹni tó bá ní òun kì í ṣe àjẹ́ yóò mú adìyẹ wá. Wọn yóò dú u, wọn yóò jù ú sílẹ̀, bí adìyẹ náà bá ṣe ṣubú kú ni ẹjọ́ ìyá náà yóò ṣe rí. Ẹni tó jẹ̀bi yóò san owó ìwẹ̀nùmọ́. Ìjọba fòfin dè é ní 1951.

Wọ́n ní òrìṣà ló dájọ́. Ṣùgbọ́n ènìyàn ló nàka, ènìyàn ló dú adìyẹ, ènìyàn ló túmọ̀ bó ṣe ṣubú, ènìyàn náà ló gba owó. Nígbà tí wọ́n ti fi orúkọ òrìṣà bo gbogbo rẹ̀, ta ni ìyá yẹn fẹ́ ké sí? Adájọ́ tó bá ṣìṣe, a lè gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ síwájú adájọ́ mìíràn. Ẹni tó ní òrìṣà ló rán òun kò fi ọ̀nà kankan sílẹ̀ fún wa.

Ẹnì kan lè wí pé: bó bá rí bẹ́ẹ̀, ká kúkú mú Ọlọ́run àti òrìṣà kúrò nínú ọ̀rọ̀ ìlú. Orílẹ̀-èdè wa ti gbìyànjú rẹ̀. Láti 1974, ètò Marx àti Lenin ni ìjọba Kérékou ní òun ń tẹ̀ lé. Síbẹ̀, ní àárín àwọn ọdún 1970 wọ̀nyẹn, ìjọba náà gbógun ti àwọn tí wọ́n pè ní àjẹ́, a sì gbọ́ ohùn àwọn ìyá arúgbó tí wọ́n ń jẹ́wọ́ lórí rédíò. Nítorí náà, kì í ṣe orúkọ Ọlọ́run ló ba ẹjọ́ jẹ́, àìdárúkọ rẹ̀ kọ́ ló sì ń tún un ṣe. Ohun tó bà á jẹ́ nígbà méjèèjì ni pé wọ́n dá ènìyàn lẹ́bi láìsí ẹ̀rí.

Níbo wá ni a ti mọ ohun tó tọ́? Ẹ wo ọmọ ọdún mẹ́ta. Kò tíì mọ Ọlọ́run, kò tíì mọ òrìṣà. Ẹ pín ẹran fún òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí ẹ fún un ní èyí tó kéré, ẹ ó gbọ́ igbe. Láti inú àwo oúnjẹ ni ìmọ̀ ẹ̀tọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé a jọ ń gbé ni. Ẹ̀sìn bá a nílé ni, ó sì ràn án lọ́wọ́.

Ní ilẹ̀ Gíríìkì àtijọ́, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Euthyphro fẹ́ pe baba rẹ̀ lẹ́jọ́, ó ní ohun tí àwọn òrìṣà fẹ́ lòun ń ṣe. Socrates bi í léèrè: ṣé nítorí pé àwọn òrìṣà fẹ́ràn ohun rere ló ṣe dára, àbí nítorí pé ó dára ni wọ́n ṣe fẹ́ràn rẹ̀? Euthyphro kò rí ìdáhùn tó dúró. Àwọn baba tiwa ti mú ọ̀nà kejì láìka ìwé Gíríìkì. Wọ́n ní: “Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.” Wọn kò ní kí àgbà lọ béèrè lọ́wọ́ òrìṣà kó tó mọ̀ pé ìkà ni. Ẹni tí kò bá gbọ́ tọ̀tún tòsì ti ṣìkà, ì báà jẹ́ olùjọsìn tó tóbi jù lọ nílùú. Òfin Ìpilẹ̀ wa náà sọ bẹ́ẹ̀: ẹni tí a fẹ̀sùn kàn kò tíì jẹ̀bi, àfi bí wọ́n bá dá a lẹ́bi níbi ẹjọ́ gbangba.

Ẹ jẹ́ ká wá sílé. Ní ilẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́ yìí, a jọ ń gbé pẹ̀lú Fúlàní, Bàrìbá, Máhì àti Fọ̀n. Ká ní màlúù wọ oko àgbàdo lóru. Olóko fẹ́ fi irin Ògún búra, darandaran fẹ́ fi Kùránì búra, ẹlẹ́rìí wọn jẹ́ ọmọ ìjọ, Bíbélì lòun mọ̀. Ó dára. Kí kálukú fi ohun tó bẹ̀rù búra kó má baà purọ́. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn tí a pè yìí, ta ni yóò wọn oko náà? Ta ni yóò ka pòròpórò tí màlúù tẹ̀? Lẹ́yìn ìbúra, ẹ jẹ́ ká jọ lọ wo oko.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ bẹ̀ yín fún lọ́dún yìí.

Ẹ̀yin àwòrò àti olórí ẹ̀sìn gbogbo: ẹni tó bá wá bá yín pé kí ẹ fi orúkọ ẹnì kan lé òrìṣà lọ́wọ́, tàbí kí ẹ gbàdúrà ikú sí i, ẹ bi í bóyá wọ́n ti gbọ́ tẹnu ẹni náà. Bí wọn kò bá tíì gbọ́ ọ, ẹ dá a padà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́: bí a bá kígbe olè tàbí àjẹ́, ẹ má ṣe gbé táyà àti epo. Bí ẹ bá dáná sun ènìyàn tán tí ẹ sì rí i pé òun kọ́, kò sí ètùtù tó lè jí i. Ẹ mú un lọ bá àwọn ọlọ́pàá láàyè.

Ẹ̀yin aláṣẹ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí láìbínú. Kì í ṣe òmùgọ̀ ló ń mú ènìyàn gbé ẹjọ́ lọ sójúbọ. Ẹni tó lọ síwájú ìjọba nígbà mẹ́rin, tí wọ́n ní kó padà wá lọ́la, tí wọ́n ní kó mú nǹkan wá, yóò wá adájọ́ tí kì í gba owó ọkọ̀. Tribunal de conciliation wà fún irú ẹjọ́ báyìí. Ẹ jẹ́ kó máa jókòó lọ́jọ́ tí ẹ dá, kó gbọ́ tọ̀tún tòsì, kó sì parí ìjà láìgba rìbá. Ọjọ́ tí ọba ayé bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ìlú kò ní máa di ẹrù rẹ̀ ru ọba ọ̀run.

Kí Ọlọ́run àti àwọn baba ńlá wa jẹ́ ẹlẹ́rìí pé a sọ ọ́. Kí ẹrù iṣẹ́ tiwa má wúwo jù fún wa. Ọdún á yabo, ẹ̀mí wa á sì ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé.