Ohun Tí Kò Hàn, Tó Ń Tẹ Ìmọ́lẹ̀



Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1919, òjò ńlá rọ̀ láàárọ̀ ní erékùṣù Príncipe, nínú òkun ìsàlẹ̀ Nàìjíríà. Arthur Eddington, onímọ̀ ìràwọ̀ láti Ìlú Ọba, ti kó ẹ̀rọ àwòrán rẹ̀ débẹ̀ nítorí pé òṣùpá yóò bo oòrùn lọ́jọ́ náà, tí ìràwọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò sì lè hàn. Ìkùukùu fẹ́rẹ̀ẹ́ ba iṣẹ́ jẹ́. Àwòrán díẹ̀ péré ló wúlò. Ó tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ìràwọ̀ ẹ̀gbẹ́ oòrùn ti yẹ̀ díẹ̀ kúrò nípò wọn, bí onímọ̀ físíìsì Einstein ṣe wí: ohun tó bá wúwo a máa tẹ ìmọ́lẹ̀ tó bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ẹ gba ìdí ìgò wo iná mọ́tò ní títì Èkó sí Ìbàdàn, ẹ ó rí i tó nà, tó wọ́. Báyẹn ni agbo ìràwọ̀ ńlá ń ṣe ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àmọ́ tí àwọn onímọ̀ bá fi ìtẹ̀ náà ṣírò ìwúwo rẹ̀, ó máa ń ju ti gbogbo ìràwọ̀ àti gáàsì ibẹ̀ lọ ní ìlọ́po. Nǹkan kan wà níbẹ̀ tí kì í tàn. Dark matter ni wọ́n ń pè é.

Lọ́dún 2006, wọ́n ṣàlàyé agbo ìràwọ̀ méjì tó kọlu ara wọn, Bullet Cluster. Gáàsì wọn há sáàárín, ìtẹ̀ ìmọ́lẹ̀ sì fi hàn pé ìwúwo tó pọ̀ jù kọjá lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan níwájú. Lójú tèmi, kò sẹ́rìí pé dark matter wà tó jùyẹn lọ. Lọ́dún 2023, Yúróòpù gbé awò Euclid lọ sójú òfuurufú láti wá irú ìtẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí i. Ohun tí dark matter jẹ́ gan-an, kò tíì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n láyé.