Ojú Inú: Ẹ̀kọ́ Títẹ̀ àti Ẹ̀kọ́ Nínù

Ìbà Olódùmarè, ìbà Ọ̀rúnmìlà, ìbà àwọn àgbà tó ti kọjá lọ. Ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ ní kí a sọ lọ́dún yìí dá lórí ojú inú. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà tuntun ló gbà dé ọ̀dọ̀ wa lẹ́nu àìpẹ́ yìí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá wa nílé ní Agége. Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike ní agbègbè Ìkẹjà ló ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ òru ló sì pọ̀ jù níbẹ̀ fún un. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín.” Ó wá ṣàlàyé pé òun kọ́ ohun kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní tulpa. Ó ti ń fi èrò ọkàn mọ ọ̀rẹ́ kan tí kò sí níbòmíràn. Bí ó bá pa ojú dé, ó ń rí i. Ohun tó kù tó ń wá ni bí yóò ṣe máa rí i pẹ̀lú ojú lílà, kí ọ̀rẹ́ náà jókòó sórí àga nínú yàrá rẹ̀ bí ènìyàn gidi. Ó bèèrè bóyá Ifá mọ ọ̀nà rẹ̀.

A kò fi í rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ náà jìn. Láti ilẹ̀ Tibet ni orúkọ yẹn ti wá. Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ibẹ̀ a máa jókòó fi ojú inú wo àwòrán ẹni tí wọ́n ń bọ, láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, títí kan aṣọ àti ohun tó mú lọ́wọ́. Bí iṣẹ́ bá parí, wọn a tú àwòrán náà ká. Obìnrin ará Faransé kan, Alexandra David-Néel, gbé ìwé kan jáde ní 1929 lórí ohun tó rí ní Tibet. Ó ní òun fi èrò dá àlùfáà kan, ẹni kúkúrú tó sanra, tó wá ń tẹ̀ lé òun kiri. Ó ní nígbà tó yá, ojú rẹ̀ yí padà, kò gbọ́ràn sí òun lẹ́nu mọ́, ó sì tó nǹkan bí oṣù mẹ́fà kí òun tó rí i pa rẹ́. Àwọn tó ń ṣe é lóde òní ti yà kúrò lójú ọ̀nà àwọn ará Tibet. Alábàárò ni wọ́n ń wá. Ìpele méjì pàtàkì ló wà nínú ẹ̀kọ́ wọn: kí ènìyàn kọ́kọ́ fi ojú inú rí nǹkan kedere, lẹ́yìn náà kí ó gbé e jáde sáàrin ohun tí ojú lásán ń rí.

Àwa Yorùbá kò pè é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a mọ ohun tó jọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí a wo ère ìbejì. Ìbejì pọ̀ nílẹ̀ wa. Ní Ìgbó-Ọrà, ìwádìí àwọn dókítà ní àwọn ọdún 1960 fi hàn pé nínú ìbímọ 1,000, bí 45 ló ń jẹ́ ìbejì. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kú, àwọn òbí a tọ babaláwo lọ. Bí Ifá bá ní kí wọ́n gbẹ́ ère, wọn a lọ bá agbẹ́gilére. Kì í gbẹ́ ẹ bí ọmọ ọwọ́. Bí àgbàlagbà ló ń gbẹ́ ẹ, pẹ̀lú irun dídì àti ilà ìdílé. Ìyá a wá máa wẹ̀ ẹ́, a fi osùn pa á lára, a wọ̀ ọ́ láṣọ, a gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ bí èyí tó wà láàyè bá ń jẹun. Ẹ wo àwọn ère àtijọ́ dáadáa: ojú àti imú òmíràn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ nítorí ọwọ́ tó ti ń wẹ̀ ẹ́ láti ọdún pípẹ́. Ọwọ́ ìyá ló kọ́ ojú inú rẹ̀. Kò jókòó kan kó máa fi agbára wá ọmọ. Ó ń wẹ̀, ó ń wọṣọ fún un, ó ń pe orúkọ rẹ̀ lójoojúmọ́, ọmọ náà sì di ẹni tó ní àyè tirẹ̀ nínú ilé.

Nígbà tí ayé yí padà, a rí i pé igi nìkan kọ́ ni agbára náà ń gbé. Àwọn onímọ̀ tó ṣe ìwádìí nílẹ̀ wa ní àwọn ọdún 1970 bá àwọn ìyá tó ń fi ọmọláńgidi oníke dípò ère. Irú ike tí ọ̀dọ́mọkùnrin wa ń bá ṣiṣẹ́ lóru ni. Ní Ìlá Ọ̀ràngún, Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, rí bí àwọn oníṣẹ́ fọ́tò ṣe ń ya ọmọ tó kù lẹ́ẹ̀mejì, tí wọ́n á tẹ méjèèjì pọ̀ sórí bébà kan, kí ìbejì lè jókòó ti ara wọn. Bí èyí tó kú bá jẹ́ obìnrin, tí èyí tó kù sì jẹ́ ọkùnrin, wọn a wọ ọmọ náà láṣọ obìnrin fún fọ́tò kejì. Sprague kọ ọ̀rọ̀ náà jáde ní 1978.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ bí wọ́n ṣe kọ́ àwa náà. Bí olúwo wa bá tẹ odù sórí ìyẹ̀rosùn, a ní kí a wò ó, kí a pa ojú dé, kí a sọ ohun tí a rí: apá ọ̀tún, apá òsì, ibi tí ìlà kan wà, ibi tí méjì wà. Bí a bá ṣì í, a la ojú, a wò ó, a tún pa á dé. Lẹ́yìn èyí ló kan ikin: bó ṣe tutù lọ́wọ́, bó ṣe wúwo, iye ojú tó ní. A kì í bọ́ sórí ohun kejì bí èkíní kò bá tíì dúró lójú inú. Nígbà tó yá, bàbá a gbé ọpọ́n kúrò, a ní kí a la ojú sílẹ̀, kí a máa fi ìka tọ́ka sí ìlà kọ̀ọ̀kan lórí ẹní, níbi tí ọpọ́n wà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ojú irin ni ilé náà wà. Ọkọ̀ ojú irin ń kọjá, jẹnẹrétọ̀ ń dún, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ pé ariwo ló dí òun lọ́wọ́. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, bàbá a ní, “Ó yá, ẹ nù ún.” Ọpọ́n tí a kò nù kò gba odù mìíràn. Odù 256 ló wà. Ẹni tó bá di ẹyọ kan mú kò lè gbọ́ ìyókù.

Ní ọdún kẹta ẹ̀kọ́ wa, ìgbéraga mú wa. Aláwo kan wá dá Ifá, kí ikin sì tó kúrò nínú àwo la ti rí odù kan kedere lójú inú, a sì dárúkọ rẹ̀ sókè. Bàbá kò bínú. Ó pa ikin títí ó fi parí, odù mìíràn ló sì jáde pátápátá. Ó wo ojú wa, ó ní, “Ohun tí o rí, ìwọ nìkan lo rí i. Ohun tí ikin fọ̀, gbogbo wa la rí i.” Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò létí wa títí dòní.

Nítorí náà, olùṣọ́ méjì la fi ń ṣọ́ ojú inú: nínù, àti ẹlẹ́rìí. Àlùfáà tí David-Néel sọ̀rọ̀ rẹ̀ nira láti nù. Ìyá ìbejì ní ẹlẹ́rìí: ọkọ rẹ̀, ìyá ọkọ rẹ̀, àwọn aládùúgbò, gbogbo wọn ló mọ ère náà. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ọmọ òun ti kú. Ère kò tàn án jẹ. Ó ràn án lọ́wọ́ láti máa fẹ́ ọmọ náà níṣojú gbogbo ilé.

A bi ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní ìbéèrè mẹ́rin. Ṣé o ń sùn dáadáa? Ṣé ọ̀rẹ́ yìí ń pàṣẹ fún ọ? Ṣé o lè nù ún bí o bá fẹ́? Ta ló tún mọ̀ nípa rẹ̀? Ó dáhùn méjì àkọ́kọ́, ó sì dákẹ́. Nígbà tó yá, ó ní, “Bàbá, láti ọdún méjì tí mo ti dé Èkó, ẹ̀rọ ni mò ń bá jí lóru, oorun ni mò ń sùn lọ́sàn-án. Kò sẹ́ni tó mọ̀.” Ó wá jẹ́wọ́ pé lóru ọjọ́ kan, ọ̀rẹ́ náà yọ sí òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, òun sì yíjú sí i nígbà tí ọwọ́ òun wà lábẹ́ irin. Orí ló yọ ọ́.

A dá Ifá fún un; ohun tó jáde wà láàrin àwa àti òun. Ìyókù la lè sọ. A ní kí ó má gbé ọ̀rẹ́ náà jáde níbi iṣẹ́ mọ́ láéláé. Kí ó fún un ní ibi kan àti àkókò kan nínú yàrá rẹ̀, kí ó sì nù ún bí àkókò bá pé, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń nu ọpọ́n. Kí ó sì máa wá bá wa jókòó lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá, kí àwọn ènìyàn máa pe orúkọ tirẹ̀ náà.

Ẹ̀yin awo, a ní láti fi èyí kún un. Bí ohun tí ẹnì kan ń rí bá ń pàṣẹ fún un, tí kò jẹ́ kó sùn, tàbí tó ní kó pa ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn lára, ẹ má dá a dúró sílé. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Yàbá, tó wà láti 1907, ní ẹ̀ka ní Òṣòdì, kò sì jìnnà sí wa. Kì í ṣe ìtìjú fún awo. Ní 1954, Dókítà Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Àrò, Abẹ́òkúta, tí aláìsàn fi ń gbé láàrin abúlé pẹ̀lú ẹbí rẹ̀, ó sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t’àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń wá. Kò tíì fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, a kò sì ní kó fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó wá kẹ́yìn, òun ló bá wa nu ọpọ́n, ó sì sọ fún wa pé òun ti ń nu ti inú náà kí òun tó wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́.

Kí Ọ̀rúnmìlà la ojú inú wa. Kí ó fún wa lọ́wọ́ tí a ó fi nu ohun tó yẹ ní nínù. Kí ó má jẹ́ kí a nìkan rí ohun tó yẹ kí gbogbo wa jọ rí. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.