Bí Ilé-ẹjọ́ Ṣe Ń Pinnu Ọ̀dọ̀ Ẹni Tí Ọmọ Yóò Gbé
(Ọ̀rọ̀ tí a bá ẹgbẹ́ wa sọ níbi ìpàdé, Ìkẹ́nnẹ́)

Mo mọ̀ pé ẹni tó pa àtẹ tì wá sípàdé, oníbàárà ń wá a kiri níta. N kò ní pẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n sọ ni ti ọmọ nígbà tí tọkọtaya bá tú ká. Ẹni tí kò kàn lónìí, ó lè kan ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ́la. Ó sì lè kan ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, kí òun fúnra rẹ̀ wá di ìyá ọkọ tó ń wá ọ̀nà àtirí ọmọ-ọmọ rẹ̀. Nítorí náà, gbogbo wa ni ká fetí sí i.

Nílẹ̀ Rẹ́mọ níbí, bí ìjà bá ti dé, ohun tí ẹbí ọkọ máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé, "Baba ló lọmọ. Máa lọ, fi ọmọ sílẹ̀." Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ti tìtorí gbólóhùn yìí di ẹrù rẹ̀, tó sì fi ọmọ sílẹ̀ tẹkúntẹkún. Òfin kò sọ pé kí ọmọ má jẹ́ orúkọ baba rẹ̀ o. Ṣùgbọ́n adájọ́ kì í béèrè pé "Ta ló lọmọ?" Ohun tó ń béèrè ni pé, "Ọ̀dọ̀ ta ni yóò ti dára jù fún ọmọ yìí?" Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun yòókù, ẹ má gbàgbé ìyẹn.

Kì í ṣe àbá tèmi. Lọ́dún 1989, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dá ẹjọ́ Okwueze àti Okwueze. Wọ́n gbà pé nínú ọ̀pọ̀ àṣà ìbílẹ̀ wa, baba ló lẹ́tọ̀ọ́ sí ọmọ, ṣùgbọ́n wọ́n ní ilé-ẹjọ́ kò ní tẹ̀lé àṣà bẹ́ẹ̀ bó bá máa ṣàkóbá fún ọmọ. Lọ́dún 1992, nínú ẹjọ́ Odogu àti Odogu, ilé-ẹjọ́ kan náà ní wọn kì í fi ọmọ ta ẹni tó hùwà rere lọ́rẹ, wọn kì í sì í fi ọmọ jẹ ẹni tó ṣẹ̀ níyà. Ìyẹn ni pé bí ọkọ rẹ bá tilẹ̀ fẹ́ obìnrin mìíràn lé ọ, ìyẹn nìkan kò ní kó ọmọ fún ọ. Bí ìwọ náà bá sì jẹ̀bi ìjà tó tú ilé ká, ìyẹn nìkan kò ní kí wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ. Ìpínlẹ̀ Ògùn wa náà ti ṣe òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé lọ́dún 2006, lẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe tirẹ̀ ní 2003. Ire ọmọ náà ni òfin yẹn fi ṣáájú.

Kóòtù wo wá ni à ń lọ? Bó bá jẹ́ ìgbéyàwó alárédè lẹ ṣe, tí ẹ gba ìwé-ẹ̀rí, Ilé-ẹjọ́ Gíga ni, bí èyí tó wà ní Ṣágámù. Bó bá jẹ́ ìdáná nìkan, nílànà ìbílẹ̀, kóòtù ìbílẹ̀ ni. Níbi yòówù kó jẹ́, ire ọmọ ni wọ́n á wò.

Kí ni adájọ́ ń wò? Ó ń wo ẹni tó ti ń tọ́jú ọmọ láti ìgbà yìí wá: ta ló ń fún un lóúnjẹ, ta ló ń gbé e lọ ọsibítù, ta ló ń lọ sípàdé òbí nílé-ìwé. Ó ń wo ọjọ́ orí. Ọmọ kékeré, wọ́n sábà máa ń fi í sọ́dọ̀ ìyá, àfi bí ìdí pàtàkì bá wà tí kò fi yẹ bẹ́ẹ̀. Ó ń wo ibùsùn, ilé-ìwé, àti bóyá ẹnì kan ń mutí tàbí ń lu ọmọ. Ọmọ tó bá ti gbọ́njú, adájọ́ lè bi í léèrè ohun tó fẹ́. Ó sì lè ní kí àwọn wẹ́fíà lọ yẹ ilé wò, kí wọ́n wá jábọ̀.

Mo mọ ohun tó ń já yín láyà. Wọ́n á ní, "Obìnrin tó ń jí lọ sọ́jà láago márùn-ún, ìgbà wo ló fẹ́ tọ́jú ọmọ?" Ẹ jẹ́ ká fi alátà kan ṣe àpẹẹrẹ. Bó bá lè sọ fún adájọ́ pé ìyá òun ló ń múra fún ọmọ láàárọ̀, pé ọmọ ń bọ̀ ní ìsọ̀ òun lẹ́yìn ilé-ìwé, pé níbẹ̀ ló ti ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, ọjà kò ní ba ẹjọ́ rẹ̀ jẹ́. Ohun tó ń ba ẹjọ́ jẹ́ ni kéèyàn dé kóòtù kó máa bú ọkọ láti òkè délẹ̀, kó má sì lè sọ kíláàsì tí ọmọ wà. Owó náà kọ́ ló ń gba ọmọ. Bí baba bá lówó jù ọ́ lọ, adájọ́ lè fi ọmọ sọ́dọ̀ rẹ, kó sì pàṣẹ kí baba máa san owó oúnjẹ àti owó ilé-ìwé.

Ó wá ku ti ìbẹ̀wò. Ẹni tí ọmọ kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́ òbí. Adájọ́ lè ní kó máa rí ọmọ lópin ọ̀sẹ̀, tàbí kí ọmọ lọ lo apá kan ìsinmi lọ́dọ̀ rẹ̀. Bó bá léwu, wọ́n lè ní kí ẹlòmíràn wà níbẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń kọsẹ̀. A ó ní, "Kò sanwó oṣù yìí, kò ní fojú kan ọmọ." Ẹ má ṣe é o! Owó lọ́tọ̀, ìbẹ̀wò lọ́tọ̀. Bí kò bá sanwó, padà sí kóòtù lọ fẹjọ́ sùn. Bí o bá gbé ọmọ pamọ́, àṣẹ ilé-ẹjọ́ lo rú yẹn, ó sì lè mú kí wọ́n gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ. Baba tó lọ jí ọmọ gbé níwájú ilé-ìwé, ọ̀rọ̀ kan náà ló kàn án. Bí erin méjì bá ń jà, koríko ibẹ̀ ló ń fara gbá a.

Ẹ tún gbọ́ èyí: ìdájọ́ lórí ọmọ kì í ṣe òkú ìdájọ́. Bí nǹkan bá yí padà, tí ọmọ ń jìyà níbi tó wà, òbí lè padà lọ bẹ kóòtù pé kí wọ́n tún un wò.

Kí wá ni ká máa ṣe láti òní lọ?

Ẹ tọ́jú rìsíìtì owó ilé-ìwé, káàdì ọsibítù àti ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ. Ẹ má fi wọ́n sínú àpótí ọkọ nìkan.

Bí ìjà bá dé, ẹ má sá fi ọmọ sílẹ̀ fún ọdún méjì kí ẹ tó pẹjọ́. Ọmọ tó ti mọ́lé lọ́dọ̀ ẹnì kan, adájọ́ kì í fẹ́ ṣí i nídìí láìnídìí.

Ẹ kọ́kọ́ lọ bá àwọn wẹ́fíà. Bí agbára lọ́yà kò bá sí, ẹ béèrè ẹgbẹ́ àwọn obìnrin lọ́yà tí wọ́n ń pè ní FIDA. Wọ́n máa ń ran obìnrin àti ọmọdé lọ́wọ́.

Ẹ má bú baba ọmọ sétí ọmọ. Ìyàwó lè kọ ọkọ, ọkọ lè kọ ìyàwó, ṣùgbọ́n ọmọ kò lè kọ baba tàbí ìyá rẹ̀.

Ọlọ́run á jẹ́ ká jèrè ọmọ. Ọjà á tà, a ó délé bá ire.